Tẹ́sítà, mítà àbí sìkánà: èwo ló tó rà fún lọ́ńbà àga ọkọ̀ tó dákẹ́?

Lọ́ńbà ni apá àga awakọ̀ tó máa ń yọ síwájú láti ti ìbàdí lẹ́yìn téèyàn bá tẹ súwìṣì rẹ̀. Ẹni tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Third Mainland ń há mọ́ láràárọ̀ mọ ìwúlò rẹ̀ dunjú. Bó bá ti dákẹ́, Ládípò lọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà lọ tààrà láti ra súwìṣì tòkunbọ̀, nígbà tó jẹ́ pé wáyà abẹ́ àga ló jẹrà. Ohun tẹ́ ẹ máa fi yẹ̀ ẹ́ wò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà.

Kí owó tó jáde rárá, ẹ tẹ súwìṣì náà níbi tó pa rọ́rọ́, kẹ́ ẹ sì dẹtí sílẹ̀. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀: ọ̀kan ń fi ẹ̀rọ kékeré àti okùn irin ti ẹ̀yìn àga síwájú, èkejì ń fi pọ́ǹpù fẹ́ atẹ́gùn sínú àpò rọ́bà. Bí pọ́ǹpù bá ń kùn tí àpò ò wú, atẹ́gùn ń jò níbì kan. Bí ẹ̀rọ bá ń yí tí àga ò mira, okùn ti já tàbí eyín ẹ̀rọ ti jẹ. Kò sí irinṣẹ́ iná tó máa wo ìyẹn sàn. Tó bá dákẹ́ lọ gbári, tàbí tó ń kùn bí ẹni tí ebi ń pa, iná la ó bá wí.

Tẹ́sítà oní-gílóòbù tí àwọn réwáyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ń kó sápò kò lówó lórí bíi mítà tó dáa. Kílíìpù rẹ̀ á di irin ara ọkọ̀ mú, ẹnu rẹ̀ tó rí bí abẹ́rẹ́ á kan wáyà. Bí iná bá wà, á tàn. Agbára rẹ̀ ni pé gílóòbù náà ń jẹ iná. Wáyà tó ti jẹrà, tó ku fọ́nrán kan ṣoṣo, ṣì lè fi fóòtì 12 han mítà, torí mítà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Gílóòbù ló máa tú àṣírí: á máa tàn bàìbàì bí àtùpà tí epo ti ń tán nínú rẹ̀. Tẹ́sítà LED kì í jẹ iná tó bẹ́ẹ̀, kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ là á mọ́lẹ̀ fún ọlọ́jà pé gílóòbù lẹ ń fẹ́.

Mítà ló ń sọ iye fóòtì. Ẹ yí i sí DC 20, ìyẹn ibi tó ń wọn iná bátìrì tí kò ju fóòtì 20 lọ, ẹ yọ kọnẹ́tọ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ lọ́ńbà, kí ẹnu mítà méjèèjì kan wáyà méjì tó ń bọ̀ láti súwìṣì. Ẹ tẹ ẹ́ síwájú: bíi 12 á jáde. Ẹ tẹ ẹ́ sẹ́yìn: 12 náà ni, àmọ́ pẹ̀lú àmì ìyọkúrò níwájú, torí súwìṣì ló ń pààrọ̀ ojú iná kí ẹ̀rọ lè yí padà. Bí ọ̀kan bá wá tí èkejì ò wá, ẹ̀bi súwìṣì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Bí kò bá sí nǹkan kan lápá méjèèjì, ẹ wo wáyà tó wọ súwìṣì, ẹ má sì gbàgbé ẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wáyà tó ń dá iná padà sí irin ara ọkọ̀: inú súwìṣì yìí kan náà ni ẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ ń gbà kọjá. Àwọn tó ń pààrọ̀ ẹ̀rọ lásán, ibí yìí ni wọn kì í wò.

Kẹ́ ẹ tó sanwó mítà ní Alábà, ẹ yí i síbi tó ń dún, ẹ fi ẹnu méjèèjì kan ara wọn, kẹ́ ẹ wá máa tẹ ọrùn wáyà rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí ohùn bá ń gé, wáyà ti já nínú. Bí wọ́n bá kọ UNFUSED (kò ní fíúsì) sí ojú ihò 10A tí wọ́n fi ń wọn áńpíà, ìyẹn bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó, ẹ má fi wáyà sílẹ̀ níbẹ̀ kẹ́ ẹ wá fi wọn bátìrì o. Iná á ṣẹ́ yọ, ike wáyà á sì yọ́.

Mítà ẹlẹ́nu-akàn tó ń gbá wáyà mú dára lójú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èyí tó pọ́ọ́kú kì í wọn áńpíà DC rárá, AC ilé nìkan ni. DC sì ni iná ọkọ̀.

Sìkánà Bluetooth kékeré? Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì ló ń kà. Lọ́ńbà tí súwìṣì ń darí tààrà kò bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀, kò lè rí i. Àga tó ń rántí ìjókòó lè ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ṣùgbọ́n sìkánà ńlá ló ń kà á. Ẹ yá a lọ́wọ́ réwáyà.

Tẹ́sítà àti mítà pa pọ̀ la fọwọ́ sí. Lẹ́yìn àgbàrá òjò, abẹ́ àga ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò: kọnẹ́tọ̀ tó ti hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé, tàbí wáyà tí irin àga ń há nígbà tó bá ń sún. Wáyà tàbí kọnẹ́tọ̀ yẹ́lò tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀, ti ẹ́ábáàgì (àpò ààbò tó ń bú jáde nígbà ìjàǹbá) ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ má fi tẹ́sítà kàn án, ẹ má fi mítà kàn án.

Bó bá wá jẹ́ ẹ̀rọ ló kú lóòótọ́, ẹ mú mítà dání lọ Ládípò, kẹ́ ẹ ní kí ọlọ́jà gbé bátìrì wá. Ẹ so wáyà méjèèjì, ẹ pààrọ̀ wọn, kó yí síwá, kó yí sẹ́yìn. Ẹni tí ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ dán an wò, ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e ò jìnnà.