Wẹ́dà tó fi bébà àpò sìmẹ́ǹtì dí sásì Land Rover mi

Ọ̀dà lásán ni mo fẹ́ ha. Àárọ̀ Sátidé ni, mo lóṣòó sẹ́yìn Land Rover bàbá mi, mo ń fi ẹnu súkúrúdiráfà ha ọ̀dà dúdú tó dí ihò bọ́ọ̀tù kan. Ọwọ́ mi yẹ̀. Irin tó yẹ kó dún kò dún. Ṣe ni súkúrúdiráfà wọlé wọ̀ọ̀, bí ìgbà téèyàn fi ṣíbí gún ẹ̀kọ tútù. Mo fà á yọ, fíílà gbígbẹ, ohun tí wọ́n fi ń dí ara ọkọ̀ tó bà jẹ́, bá a jáde. Mo ki ìka bọ̀ ọ́, ni mo bá kan bébà. Bébà àpò sìmẹ́ǹtì! Wọ́n ká a róbótó, wọ́n kì í sínú ihò sásì, irin abẹ́ tó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró, wọ́n wá fi fíílà rẹ́ ẹ lójú, wọ́n kun ọ̀dà lé e. Lẹ́tà pupa tó wà lára àpò náà ò tíì ṣí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo ń wo bébà, bébà ń wò mí. ₦180,000 ni mo san fún iṣẹ́ yẹn.

Ohun tó jẹ́ kí n máa kọ èyí nìyẹn. Mi ò ní dárúkọ ìsọ̀ náà, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ tẹ́ ẹ bá kà á débì kan.

Series III ni ọkọ̀ náà, èyí tó gùn tí wọ́n ń pè ní 109. Moor Plantation, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ l'Apáta n'Ìbàdàn, ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló ti rà á nígbà tí wọ́n kó àwọn ọkọ̀ àlòkù sí gbàǹjo. Láti ìgbà tí Bàbá ti ṣaláìsí, abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé ló wà, ọdún 14 gbáko. Adìyẹ yé sábẹ́ àga rẹ̀, ó sì pa á níbẹ̀. Kò sí oṣù tí àwọn onírin àlòkù kì í kan ilẹ̀kùn, tí wọ́n á ní àwọn fẹ́ bá mi "palẹ̀ ìdọ̀tí yẹn mọ́". Mo ní kí wọ́n lọ palẹ̀ tiwọn mọ́.

Bí Land Rover ṣe lágbára tó, ẹ ò nílò kí n sọ ọ́. Ibi tí mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sílẹ̀ rèé. Èyí tó pọ̀ jù nínú bọ́dì rẹ̀ kì í dógùn-ún, torí pé alumíníọ̀mù ni. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, irin di ọ̀wọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi alumíníọ̀mù ṣe é ní 1948 nìyẹn. Ṣùgbọ́n irin ni sásì, irin oníhò bí àpótí gígùn, inú lọ́hùn-ún sì ni ìpáàrà ti ń jẹ ẹ́ bọ̀ síta. Ibi tí bọ́ọ̀tù irin bá sì ti kan alumíníọ̀mù tí omi ò kúrò ńbẹ̀, alumíníọ̀mù náà á máa di lẹ́búlẹ́bú funfun bí èlùbọ́ láfún. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ẹni tó bá wo ọkọ̀ mi láti òkè á ní kò ju ká fọ̀ ọ́ lọ. Abẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ á máa bọ̀.

Rìwáyà àdúgbò wa ló júwe wẹ́dà yìí. Ó ní wọ́n máa ń wá báni ṣe é nílé, ohun tí mo sì ń wá nìyẹn, torí ọkọ̀ náà ò ṣeé wọ́ lọ síbì kankan. Ọjọ́ àkọ́kọ́, kí n má purọ́, wọ́n wú mi lórí. Aago mẹ́jọ ò tíì lù tí ọ̀gá ti dé pẹ̀lú ọmọṣẹ́ méjì. Kí wọ́n tó tan iná kankan, wọ́n yọ bátìrì, wọ́n tú táǹkì epo tó wà lábẹ́ àga iwájú, wọ́n gbé e lọ sí ìdí kànga. Wọ́n fi okùn wọn sásì láti igun dé igun, níbùú lóòró, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti wọ́. Mo sọ fún ara mi pé mo ti rí oníṣẹ́.

Nígbà tó yá ni ọ̀gá wá bá mi ní bàràńdà.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Dádì wà nílé? A fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́."

"Dádì wo?"

"Ẹni tó ni mọ́tò."

"Èmi ni mo ni mọ́tò."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì kọjú sí àbúrò mi tó ń jẹ ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé iye páànù tí wọ́n máa rà. Àbúrò mi tí kò lè pààrọ̀ táyà! Gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe báyìí. Èmi ni mo ń sanwó, àbúrò mi ni wọ́n ń jíṣẹ́ fún. Ọmọṣẹ́ wọn kékeré nìkan, ọmọdé tí kò lè ju ọdún 16 lọ, ló máa ń wá pè mí pé, "Mọ́mì, ẹ wá wo ibí yìí." Ẹ rántí ọmọ yẹn.

Iná ò sí, epo jẹnẹrétọ̀ dọ̀rọ̀ mi. Ọjọ́ tí mo lọ sọ́jà Bódìjà ni wọ́n kun ọ̀dà. Mo dé nírọ̀lẹ́, sásì dúdú, ó ń dán bíi bàtà sójà. Mo kà owó lé e lọ́wọ́, mo tún fi owó ọtí ẹlẹ́rìndòdò lé e. Sátidé tó tẹ̀ lé e ni ti súkúrúdiráfà.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo pè é kó tó gbé e.

"Mọ́mì, fíílà ni gbogbo ayé ń lò."

"Ṣé fíílà ni bébà?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Bébà yẹn, kí fíílà lè ríbi dì mú ni."

Mo bú sẹ́rìn-ín tìbínú-tìbínú. Irin ìdábùú tó wà lẹ́yìn pátápátá ni mo ń wí, ibi tí wọ́n máa ń so ọkọ̀ mọ́ bí wọ́n bá fẹ́ fà á! Ó pa fóònù. Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí ìsọ̀ wọn, ọmọṣẹ́ àgbà ní ọ̀gá lọ sí Ìsẹ́yìn. Bàtà ọ̀gá wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì, èyí tó fi wáyà rán ọ̀kan nínú rẹ̀. Mo wo bàtà, mo wo ọmọ náà, òun náà wo bàtà. Mo ní kó bá mi kí ará Ìsẹ́yìn.

Mo ti ń múra àtilọ bá àwọn àgbà ẹgbẹ́ wọn nígbà tí wọ́n kan géètì ní Ọjọ́bọ̀. Ọ̀gá ni, pẹ̀lú bàbá arúgbó kan tó dé fìlà abetíajá, tó fi hámà kékeré kan sábẹ́ abíyá. Ọmọṣẹ́ kékeré ló lọ fẹjọ́ sun ọ̀gá ọ̀gá rẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ọ̀gá ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyẹ̀pẹ̀ pupa: "Ẹ má bínú, Ìyá wa, iṣẹ́ èṣù ni." Bàbá ò bẹ̀bẹ̀ ní tiẹ̀. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Ohùn tí mo gbọ́ ni, "Kí ni ṣo?" Mo mọ̀ pé ọmọ Ìbàdàn gidi ló dé.

Iléeṣẹ́ ọkọ̀ Leyland ló ti ṣiṣẹ́, ní Ìbàdàn níbí, nígbà tí wọ́n ń to Land Rover pọ̀ níbẹ̀. Ó na ọwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni gbá ọmọ nídìí, ó ní, "Mo mọ irú wọn." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi hámà kan sásì díẹ̀díẹ̀. Tín-ìn. Tín-ìn. Tín-ìn. Pọ̀ọ́. Ibi tó bá ti ní pọ̀ọ́, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa òdo sí i. Òdo 11 ló fà. Mẹ́rin péré ni wẹ́dà mi fọwọ́ kàn nínú wọn, méjì nínú mẹ́rin yẹn sì jẹ́ bébà.

Ó wá na hámà náà sí mi. Sí èmi o, àbúrò mi wà níbẹ̀. "Ọmọ mi, ìwọ náà kàn án." Mo rá wọ abẹ́ ọkọ̀, mo ń kàn án, mo ń tẹ́tí. Lẹ́bàá ibi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn so mọ́, lápá òsì, mo gbọ́ pọ̀ọ́. Bàbá gbé etí síbẹ̀, ó ní kí n tún un kàn. Ó rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní ṣọ́ọ̀kì. Òdo kejìlá, èmi ni mo fà á.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi tún un ṣe. Bàbá jókòó lórí àpótí, ọ̀gá ń gé, ọmọṣẹ́ ń gbé. Wọ́n gé gbogbo irin tó ti rà dànù títí wọ́n fi kan irin tó mọ́ funfun, wọ́n fi páànù nínípọn lẹ̀ ẹ́. Ihò tí omi fi ń jáde nínú sásì, tí wọ́n ti dí tẹ́lẹ̀, Bàbá ní kí wọ́n lu wọ́n padà, nígbà tí gbogbo rẹ̀ sì tutù tán, wọ́n da ọ́ìlì kọ̀ndẹ́ẹ̀mù sínú rẹ̀. Wọn ò gba kọ́bọ̀ owó iṣẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo tún ra páànù, èmi ni mo tún ra epo jẹnẹrétọ̀, kò sì sẹ́ni tó dá èyí àkọ́kọ́ padà.

Ti ẹ́ńjìnnì ò gba àlàyé. Mẹkáníìkì mi mọṣẹ́, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ Àràrómi ní Gate la sì ti rí ohun tó kù. Bátìrì ló já wa kulẹ̀ lọ́jọ́ tí a fẹ́ gbìyànjú rẹ̀. Bàbá ní kí ni a ń wá bátìrì fún, ṣé kò ní ọwọ́ ìyí tí wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì ni? Ó ní, ó wà lẹ́yìn àga. Ó kì í bọ ihò iwájú, ó kọ́ mi pé kí n má fi àtàǹpàkò ká a o, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni kí gbogbo ìka wà, torí bó bá ta padà, ó lè ṣẹ́ni lọ́wọ́. Mo yí i lẹ́ẹ̀kan, ó húkọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì, kò fọhùn. Ẹ̀ẹ̀kẹta, èéfín bo máńgòrò, adìyẹ tú ká, mi ò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ mọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni mo wà á gun Òkè Màpó.

Máàkì mi: 2 nínú 5. Bébà yẹn wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn àti ibi ìtẹ́sẹ̀ awakọ̀ ló kù láti jó, àwọn náà ni mo gbé e fún, Mọ́ńdè ni wọ́n ń bọ̀. Mo ti sọ fún ọmọṣẹ́ kékeré pé kó bá mi mú Bàbá dání, pẹ̀lú hámà wọn.