Ọjọ́ tí sọ́fíwìà ipa bàtà sọ òsì di ọ̀tún

Ẹni tó bá fẹ́ ra sọ́fíwìà tó ń fi fọ́tò ipa bàtà wé bàtà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á tán, torí inú bí mi débi pé mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn.

Ipa eruku lórí táìsì ni, jẹ́ẹ̀lì dúdú, abala kan tó rọ̀ bíi rọ́bà tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ilẹ̀ kí eruku lè lẹ̀ mọ́ ọn, ni wọ́n fi gbé e kó tó dé ọwọ́ mi. Mo síkáànù ẹ̀, mo kó bàtà ẹni tí wọ́n mú tì í, òsì àti ọ̀tún, sọ́fíwìà ní ọ̀tún ni, ó wá kọ 91, ìyẹn máàkì bí wọ́n ṣe jọra tó, gàdàgbà síwájú ẹ̀. Ìlà abẹ́ ẹ̀ bára mu lóòótọ́, àmọ́ àpá kan wà nídìí àtàǹpàkò nínú ipa yẹn, bí ìgbà tí àfọ́kù ìgò gé e, kò sì sí nǹkan tó jọ ọ́ lábẹ́ bàtà ọ̀tún rárá.

Mo kọ̀wé sí kọ́sítọ́mà kíà. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n pa á kí n tún un tàn. Mo tún kọ, ó tún fi ọ̀rọ̀ yẹn náà ránṣẹ́, kọ́mà kan ò yí padà! Ọjọ́ kẹta ni ọmọbìnrin kan pè mí, ó ní "Ẹ má bínú sà, ṣé fọ́tò ilẹ̀ ni àbí jẹ́ẹ̀lì?" Mo ní jẹ́ẹ̀lì. "Ṣé ẹ ti yí i?" Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ohun tí jẹ́ẹ̀lì bá gbé, bíi ti dígí ló máa ń rí, òsì á di ọ̀tún, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo ti yan "jẹ́ẹ̀lì" níbi tí sọ́fíwìà ti bi mí, mo rò pé òun fúnra ẹ̀ ló ń yí i.

Ó dúró tì mí lórí fóònù, a jọ yí i, a jọ nu ìlà àárín táìsì kúrò torí ó ń kà á mọ́ ti bàtà. Kíá, òsì bọ́ síwájú. Mo gbé ipa lé bàtà lójú kọ̀ǹpútà, àpá yẹn jókòó síbi tó yẹ kó jókòó, etí ẹ̀ tó rí wọ́gọwọ̀gọ náà bára mu. Mo pariwo!

Àmọ́ 91 yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Bàtà tí kì í ṣe òun ló gbà á, torí ìlà abẹ́ ẹ̀ nìkan ló ń wò, àìmọye èèyàn ló sì wọ irú ẹ̀. Ní 2016, PCAST, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń gba ààrẹ Amẹ́ríkà nímọ̀ràn, sọ pé kò tíì sí ìwádìí tó fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé àpá bẹ́ẹ̀ tó láti fi mú bàtà kan pàtó, ojú àwa èèyàn tá a kọ́ṣẹ́ ẹ̀ ni wọ́n ń sọ yẹn o, ẹ wá gbé nọ́ńbà kọ̀ǹpútà síwájú adájọ́! Mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Ọmọbìnrin yẹn ní òun á bá àwọn tó kọ ọ́ sọ̀rọ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀ láàárọ̀ yìí.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún.