Ọjọ́ Kan Lẹ́yìn Àdùnní Olórìṣà: Àyẹ̀wò Ìrìn Àjò sí Igbó Ọ̀ṣun

Iléeṣẹ́ ìrìn àjò tí ó kó wa lọ sí Òṣogbo kọ ọ́ sára ìwé ìpolówó rẹ̀ pé láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹni tí ó bá bá òun lọ yóò mọ ìgbésí ayé àti iṣẹ́ Susanne Wenger, ẹni tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, tinú tẹ̀yìn. Orí ìlérí yìí ni mo gbé àyẹ̀wò mi kà. Ọkọ̀ wọn mọ́, awakọ̀ wọn kò sáré àsápajúdé, oúnjẹ ọ̀sán wọn sì yó èèyàn, ṣùgbọ́n owó gbogbo ìyẹn ni a ti san. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹni tí kò gbọ́ orúkọ obìnrin yìí rí yóò padà sílé pẹ̀lú òye irú iṣẹ́ tí ó ṣe, àti ti àwọn tí ó bá a ṣe é.

Inú ọkọ̀ ni afinimọ̀nà wa ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn, ó sì mọ̀ ọ́n sọ. Ìlú Graz ní orílẹ̀-èdè Austria ni a ti bí Wenger ní ọdún 1915. Ibẹ̀ àti Vienna ni ó ti kọ́ṣẹ́, nítorí náà ògbólógbòó oníṣẹ́ ọnà ni kí ó tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Ìbàdàn ní 1950 pẹ̀lú Ulli Beier, ọkọ rẹ̀ ìgbà náà, tí ó wá ṣe olùkọ́ ní yunifásítì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ níbẹ̀. Kò pẹ́ tí ikọ́ fée fi dá a dùbúlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó bá Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ, pàdé, ọwọ́ bàbá yìí ni ó sì gbà wọ inú ẹ̀sìn òrìṣà. Nígbà tí afinimọ̀nà sọ pé àwọn méjèèjì kò gbọ́ èdè ara wọn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí ara wọn, gbogbo inú ọkọ̀ pa lọ́lọ́. Òun àti Beier kọ ara wọn sílẹ̀, ó fẹ́ onílù kan tí ń jẹ́ Ayánṣọlá, ó gba Ìlobùú kọjá, ó sì fìdí kalẹ̀ sí Òṣogbo, níbi tí ó kú sí ní oṣù kìíní ọdún 2009, lẹ́ni ọdún 93.

Ẹnu ọ̀nà igbó ni iṣẹ́ gan-an ti kojú wa. Ìjàpá tí ń fò ni wọ́n fi ṣe orí ẹnu ọ̀nà náà. Àlọ́ Ìjàpá tí ó yá ìyẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹyẹ ni ó sọ sí mi lọ́kàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa pé òun ni wọ́n ní lọ́kàn. Mo sún mọ́ ọn. Níbi tí ewédò kò tíì bò, ipa ọwọ́ ẹni tí ó rẹ́ sìmẹ́ǹtì náà ṣì hàn kedere.

Ọwọ́ ta ni? Ibí ni inú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ sí iléeṣẹ́ yìí. Ní ìdí ère kọ̀ọ̀kan tí a dúró tì, ohun kan náà ni afinimọ̀nà ń wí: Àdùnní ni ó ṣe èyí. Àfi bí ẹni pé òun nìkan ni ó po sìmẹ́ǹtì, tí ó tẹ irin, tí ó sì gun àkàbà. Adébísí Àkànjí, tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ẹnu ọ̀nà yẹn àti nínú ọ̀pọ̀ ògiri igbó náà, bíríkìlà ni kí wọ́n tó jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Kàsálí Àkàngbé ni ó gbẹ́ àwọn òpó onígi, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí sì ń gbẹ́ òkúta àti igi. Ẹgbẹ́ kan ni wọ́n, wọ́n tilẹ̀ ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí Iṣẹ́ Ọnà Mímọ́ Tuntun. Nígbà tí mo béèrè wọn, afinimọ̀nà ní, “Àwọn ọmọ iṣẹ́ màmá ni, sà,” ó sì ti bọ́ síwájú.

Ìdí ère Ìyá Mọòpó ni ìrìn àjò náà ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin ni Ìyá Mọòpó, ti ìkòkò mímọ àti aṣọ rírẹ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí Wenger náà fi àdìrẹ ẹlẹ́kọ ya ìtàn òrìṣà sórí aṣọ. Ère náà ga fíofío láàárín igi, ọwọ́ rẹ̀ nà jáde. Iléeṣẹ́ náà ti pe bàbá bíríkìlà kan wá, ọ̀kan nínú àwọn tí ó máa ń tún ère ṣe. Ìka ọwọ́ ni ó fi ń kan ère kékeré kan tí ó wà nítòsí, kó, kó, kó, ó sì dẹ etí. Nígbà tí ó dé ibì kan, ìró náà yí padà sí ti igbá òfìfo. Mo bi í pé, “Bàbá, kí ni ẹ gbọ́ yẹn?” Ó ní, “Ó ti ya kúrò lára irin.” Ó wá ṣàlàyé fún wa pé irin ni egungun àwọn ère wọ̀nyí, sìmẹ́ǹtì ni ẹran ara wọn; bí òjò bá rí ibi tí ó sán, irin inú rẹ̀ yóò dípẹtà, ìpẹtà a máa wú, wíwú rẹ̀ a sì tún la sìmẹ́ǹtì sí i, títí òjò yóò fi rí ọ̀nà gbòòrò. Ogún ìṣẹ́jú péré ni bàbá náà lò pẹ̀lú wa. Kò sí ẹni tí ó wo fóònù.

Lẹ́yìn èyí, afinimọ̀nà to ọdún lé ọdún fún wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó kan: 1965 ni ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè, 1992 ni wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i, 2005 ni UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé, hẹ́kítà 75 sì ni ilẹ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí Wenger dé ibẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950, ikán ti ń jẹ ojúbọ, àwọn kan ń gé igi, àwọn mìíràn sì ń wá ilẹ̀ tà. Bí wọ́n ṣe ń mọ ère ràgàjì síbi tí ojú gbogbo ayé yóò rí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ fún ẹni tí ó gbé àáké dání pé ilẹ̀ yìí ní ẹni tí ó ni ín. Bí a bá yọ èyí kúrò, ère náà di ohun tí a kàn ń bá ya fọ́tò.

Ilé rẹ̀ ní ojú ọ̀nà Ìbòkun ni a parí sí, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí sìmẹ́ǹtì ọlọ́nà wà ní ọgbà iwájú rẹ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n sì ń lé wa padà sínú ọkọ̀. Wákàtí kan ni ó yẹ kí wọ́n yọ nínú àkókò oúnjẹ fún ibẹ̀.

Mo lè tún bá wọn lọ. Ẹni tí ó bá ń gbèrò rẹ̀, kí ó yẹra fún oṣù kẹjọ tí ọdún Ọ̀ṣun máa ń mú èrò kún igbó, bí ó bá jẹ́ ère ni ó fẹ́ wò; kí ó sì béèrè kí ó tó sanwó bóyá bàbá bíríkìlà yóò wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní kò ní í sí, kí ó mú ọjọ́ mìíràn.