Ẹ̀kọ́ gbámúṣé, kíbọ́ọ̀dù há: àgbéyẹ̀wò kọ́ọ̀sì call centre kan ní Ìkòròdú

Ìbéèrè 17 nínú ìdánwò ìparí kọ́ọ̀sì yìí, tó ń kọ́ni bí a ṣe ń dá oníbàárà lóhùn, ló bí àgbéyẹ̀wò yìí. Tí kì í bá ṣe tirẹ̀, ǹ bá ti fún wọn ní ìràwọ̀ márùn-ún, kí n sì máa bá iṣẹ́ mi lọ.

Ìbéèrè náà ò le. Ẹ̀sùn oníbàárà mẹ́rin wà lápá kan: owó tí wọ́n yọ lẹ́ẹ̀mejì, dátà tó tán láìlò, káàdì tí kò wọlé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń já. Àpótí mẹ́rin wà lápá kejì, orúkọ ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn sì wà lára wọn. Wọ́n ní kí èèyàn wọ́ ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan lọ sínú àpótí tirẹ̀. Ọ́fíìsì wọn ni mo ti wá mọ gbogbo èyí. Ohun tí NVDA, ìyẹn screen reader tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè fún àwa afọ́jú, kà sí mi létí nílé ò ju "graphic, graphic, graphic, graphic" lọ. Mo tẹ Tab, ó fo gbogbo rẹ̀ kọjá, ó bọ́ sórí "Next", NVDA ní "unavailable", torí Next kì í ṣiṣẹ́ àfi tí ẹ̀sùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti wọ àpótí. Ọ̀nà àtilọ síwájú ò sí, ọ̀nà àtifò ó ò sí.

Aago sì ń lọ. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú 5, àpótí ìkìlọ̀ kan yọ sáàárín ojú kọ̀ǹpútà, ó ń béèrè bóyá mo fẹ́ kí wọ́n fi àkókò kún un. Bọ́tìnì "Fi kún un" wà níbẹ̀, "Rárá" wà níbẹ̀. NVDA ò pe ọ̀kan nínú wọn. Focus ò kúrò lórí Next tó ti kú. Mo ń tẹ Tab, ó ń yí po láàárín àwọn bọ́tìnì tó wà lẹ́yìn àpótí náà. Mo tẹ Enter, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí wọ́n ti kọ ọ́ sínú kóòdù pé kí ojú ìwé má dá ẹnikẹ́ni lóhùn nígbà tí ìkìlọ̀ bá wà níta. Mo tẹ Escape, wọn ò so nǹkan kan mọ́ ọn. Aago pé, ìdánwò fi ara rẹ̀ ránṣẹ́, ìbéèrè 17 títí dé 30 wọlé lófìfo. Ó kù díẹ̀ kí n lu kíbọ́ọ̀dù mọ́lẹ̀.

Fún ẹni tí kò mọ ohun tí mò ń pè ní focus: ibi tí kíbọ́ọ̀dù dúró sí lójú ẹ̀rọ ni. Bọ́tìnì tó bá wà níbẹ̀ ni Enter máa tẹ̀, òun náà ni screen reader máa kà. Tí àpótí bá yọ tí wọn ò gbé focus wọ inú rẹ̀, kò yọ fún àwa tí a kì í lo máòsì. Ó dà bí kí àlejò máa kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, kó sì máa bínú pé onílé tó wà ní yàrá iwájú ò dáhùn. Ohun tó tilẹ̀ ń dùn mí jù ni pé ohun tó tọ́ ni wọ́n fẹ́ ṣe. Ìlànà 2.2.1 nínú WCAG, ìwé ìlànà àgbáyé lórí bí ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe máa ṣeé lò fún abirùn, sọ pé kí wọ́n kìlọ̀ fún èèyàn kí àkókò tó tán, kí wọ́n sì fún un ní ìṣẹ́jú-àáyá 20 ó kéré tán láti fi kún un. Wọ́n kìlọ̀ lóòótọ́. Ojú nìkan ni wọ́n kìlọ̀ fún.

Mo ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ nìyí.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ clear cache yín." Mo ṣe é, ibì kan náà ló há sí.

"Ẹ lo Chrome sà." Chrome náà ni mo ń lò.

"Ẹ gbìyànjú ẹ̀ lórí fóònù sà." Mo gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú TalkBack, screen reader ti fóònù Android. Èèyàn lè tẹ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, kó di ìka mú, kó sì wọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó máa sọ fún un pé orí àpótí wo ni ìka rẹ̀ wà nígbà tó bá fẹ́ jù ú sílẹ̀.

"Ṣé kò sí ẹnì kankan nílé tó lè bá yín wọ́ ọ ni sà?"

Mo ṣe àdàkọ òfin ìdánwò tiwọn fúnra wọn, mo fi ránṣẹ́ sí wọn: ẹni tí wọ́n bá bá ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà ìdánwò ti pàdánù máàkì rẹ̀. TalkBack sọ fún mi pé wọ́n ti kà á. Wọn ò fèsì.

Ó di dandan kí n lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Sábó. Àǹtí tó wà ní iwájú ò bá mi sọ̀rọ̀, ẹni tó mú mi débẹ̀ ló kọjú sí: "Kí ni bọ̀dá fẹ́?" Mo ní bọ̀dá ní ẹnu. Ó bẹ̀bẹ̀, ohùn rẹ̀ sì fi hàn pé ojú tì í, n ò ní fìyẹn dì í lọ́rùn. Ó pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti yàrá ẹ̀yìn, ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn, ibí yìí sì ni inú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Kò sọ pé kí n clear cache. Ó fa okùn máòsì yọ kúrò lára kọ̀ǹpútà, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀, mo gbọ́ bó ṣe balẹ̀. Ó ṣí ìbéèrè 17, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Tab. Ó dákẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi tí mo ríran gan-an ò mọ ibi tí mo wà." Òótọ́ ni. Ẹni tó ya ojú kọ́ọ̀sì náà ti kọ `outline: none` sínú CSS, kóòdù tó ń ṣètò ìrísí ojú ìwé, nítorí pé ìlà tó máa ń yí bọ́tìnì ká kò wù ú. Ìlà yẹn ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tàbí tí kò lè di máòsì mú, fi ń mọ ibi tó dé. Ìlànà 2.4.7 nìyẹn, kò sì kan afọ́jú nìkan. Ó ń kùn pé, "Ta ló yọ ọ́?" bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ló ní kí n fi NVDA ṣe é níṣojú òun. Mo so kọ̀ǹpútà mi mọ́ sípíkà wọn. Bí ohùn ṣe ń sáré tó, ó béèrè bóyá Yorùbá ni. Mo ṣí Speech Viewer nínú Tools, kó lè máa fi ojú ka ohun tí mò ń fi etí gbọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ẹ̀sùn irú èyí sun iléeṣẹ́, ohun tó yẹ kó kó lọ nìyẹn: ẹ ṣe àdàkọ ọ̀rọ̀ inú Speech Viewer, ẹ kọ bọ́tìnì tí ẹ tẹ̀ síwájú ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ẹ̀dà NVDA àti ti Chrome sí i. "Kò ṣiṣẹ́" ò ran oníkóòdù lọ́wọ́. "Mo tẹ Tab lórí àkọlé, ó ka Next unavailable, kò ka ẹ̀sùn mẹ́rin" ló máa gbé e dé ojú ibi tó bàjẹ́.

Òun náà bá mi jiyàn díẹ̀. Ó ní ẹ̀dà WCAG 2.2 tó jáde ní October 2023 ti fi ìlànà 2.5.7 yanjú ọ̀rọ̀ wíwọ́ nǹkan. Mo ní rárá o. Ẹni tó lè tẹ nǹkan ṣùgbọ́n tí kò lè dì í mú kó wọ́ ọ ni 2.5.7 wà fún: kí ó lè tẹ ibí, kó tẹ ọ̀hún, kó sì parí. Èèyàn lè ṣe ìyẹn pé pérépéré kí kíbọ́ọ̀dù má sì rí ọ̀nà wọlé. 2.1.1, èyí tó ní kí gbogbo nǹkan ṣeé fi kíbọ́ọ̀dù ṣe, ló kàn wá, ó sì ti wà láti ìgbà WCAG 2.0 ní 2008. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. N ò mẹ́nu kan òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní January 2019, èyí tó ka fífi ojú àìdáa wo abirùn léèwọ̀, tàbí ti Ìpínlẹ̀ Èkó tó ti wà láti 2011. Mo mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n òfin ò lè gbé focus kúrò níbi tó há sí. Oníkóòdù ló lè gbé e.

Wọ́n sì gbé e. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi pè mí pé wọ́n ti ṣí ìdánwò náà padà fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ti yọ wíwọ́ kúrò ní ìbéèrè 17. Ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan ti ní combo box tirẹ̀, àpótí tí èèyàn ti ń yan ìdáhùn, NVDA ń ka orúkọ ẹ̀sùn, ọfà ìsàlẹ̀ sì ń ka orúkọ ẹ̀ka. Àpótí ìkìlọ̀ ti di `<dialog>` gidi tí wọ́n fi `showModal()` ṣí. Èyí ló dára jù fún ẹni tí kò fẹ́ kọ kóòdù púpọ̀: focus á wọ inú àpótí fúnra rẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn á kú títí àpótí á fi lọ, Escape á tì í, focus á sì padà síbi tó ti kúrò. Ìlà tó ń yí bọ́tìnì ká náà ti padà, wọ́n ní ó nípọn, ó sì hàn. Àǹtí iwájú ló fúnra rẹ̀ pè mí, èmi ló sì bá sọ̀rọ̀.

Ǹjẹ́ ó ti wá parí? Kò tíì parí.

Tí èèyàn bá tẹ Next nínú ẹ̀kọ́, wọ́n máa ń tún gbogbo iframe, ìyẹn ojú ìwé tí ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ láàárín ojú ìwé ńlá, kó wọlé. Bọ́tìnì tí mo tẹ̀ bá a lọ, focus já sí òkè, NVDA dákẹ́, mo sì ní láti la orúkọ ẹ̀kọ́ mẹ́rìnlá kọjá kí n tó kan ohun tí mo fẹ́ kọ́. Síláìdì kọ̀ọ̀kan ni o. Iṣẹ́ ìlà méjì ni: kí wọ́n fi `tabindex="-1"` sára àkọlé síláìdì, kí wọ́n sì pe `focus()` lé e lórí tó bá ti wọlé tán. -1 ò ní kó àkọlé náà sáàárín ohun tí Tab ń dúró lé, àmọ́ kóòdù á lè gbé focus síbẹ̀. Dípò èyí, ẹnì kan lọ to `tabindex` 1 dé 6 sára síláìdì olóhùn, ó rò pé òun ń ṣètò. Ibẹ̀ ni Tab ń kọ́kọ́ sáré lọ kó tó padà wá ka yòókù.

Àwọn ìdánwò kékeré àárín ẹ̀kọ́ náà ní tiwọn. Tí ìdáhùn bá tọ̀nà, nǹkan ń di àwọ̀ ewé, tí kò bá tọ̀nà, ó ń pupa, NVDA ò sì sọ nǹkan kan. Wọ́n fi `role="status"`, àmì tó ń ní kí screen reader ka ọ̀rọ̀ tó bá yí padà, sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí ìdáhùn dé ni wọ́n ń dá àpótí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àpótí yẹn ló yẹ kó ti wà níbẹ̀ lófìfo látìgbà tí ojú ìwé ti ṣí, kí ọ̀rọ̀ wá bọ́ sínú rẹ̀, kí screen reader tó lè mọ̀ pé nǹkan yí padà. Sátífíkéètì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́, àwòrán lásán nínú PDF ni, n ò lè ka orúkọ ara mi lára rẹ̀.

Kí ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ wá dára tó báyìí, ó ń ya mí lẹ́nu. Ohùn olùkọ́ já gaara, kò sí ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Fídíò kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ kíkọ tó pé lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń dá oníbínú lóhùn ní Yorùbá láìjẹ́ pé ó dà bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀ tàbí ẹni ń rí èèyàn fín, ìgbà tó yẹ kéèyàn ní "ẹ má bínú mà" àti ìgbà tó yẹ kó dákẹ́ kí oníbàárà tú gbogbo rẹ̀ jáde. Iṣẹ́ tí afọ́jú lè jókòó sílé ní Ìgbógbó tàbí Ẹ̀bútè ṣe láì la gosiló Mile 12 kọjá nìyí, n ò sì tíì rí kọ́ọ̀sì mìíràn tó kọ́ ọ báyìí.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á (₦30,000 ni), kó kọ́kọ́ ṣí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó wà níwájú, kó gbé máòsì kúrò. Lẹ́yìn Next, tí ibi gbogbo bá dákẹ́, NVDA+Tab (Insert ni bọ́tìnì NVDA) á sọ ibi tí focus wà. Ẹ tẹ NVDA+Space láti bọ́ sí browse mode, níbi tí ọfà ti ń ka ojú ìwé ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tẹ H láti fò lọ sí àkọlé, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ orúkọ ẹ̀kọ́ mẹ́rìnlá nìyẹn. Tí NVDA bá ní "clickable" tí kò ní "button", Tab ò ní dé ibẹ̀. Inú browse mode náà ni kí ẹ ti fi ọfà dé orí rẹ̀, kí ẹ tẹ Enter. Tí ẹ bá dáhùn ìdánwò kékeré tí ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ fi ọfà lọ sí ìsàlẹ̀ bọ́tìnì ìdáhùn, ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ìdánwò ìparí ni, tí Enter ò mú nǹkan kan wá, ẹ má ṣe bá a jà: ẹ tẹ Ctrl+End nínú browse mode, kí ẹ wò ó bóyá àpótí kan wà nísàlẹ̀ pátápátá, torí ìsàlẹ̀ ojú ìwé ni wọ́n sábà máa ń lẹ irú rẹ̀ mọ́.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹni tó jẹ́ pé fóònù nìkan ló ní, kó má tíì rà á.