Stumps tí mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti èyí tí wẹ́dà bá mi ṣe, mo ti lo méjèèjì

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi owó bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ń dùn mí. Stumps ni igi mẹ́ta tí wọ́n máa ń nàró nínú kíríkẹ́ẹ̀tì, tí ẹni tó ń sọ bọ́ọ̀lù máa ń fẹ́ kó bà. Oníspring kan wà tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ike ni wọ́n fi ṣe é, tí bọ́ọ̀lù bá ti bà á, á tẹ̀ sẹ́yìn, á tún dìde fúnra ẹ̀, èèyàn ò ní máa sáré lọ gbé e nàró ní gbogbo ìgbà. ₦38,000 ni mo rà á. Mo gbádùn ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò ní purọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta, bọ́ọ̀lù gidi, oníawọ yẹn, tó wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 160, bà á nídìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ike ìsàlẹ̀ ẹ̀ là sí méjì bí ẹni la obì. Mo pe ẹni tó tà á fún mi, ó ní "Ẹ̀gbọ́n mi, bọ́ọ̀lù tẹníìsì ni wọ́n ṣe é fún o." Mo yí páálí ẹ̀ síwá sẹ́yìn, kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Mi ò kí ń ṣe ọ̀jẹ̀ o. Kíríkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ Sátidé lèmi ń gbá, bowler ni mí, màá sáré wá bíi ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, màá yí apá lókè orí, màá sọ bọ́ọ̀lù sí ẹni tó mú pátákó dání lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ má pè é ní jíjù o, ìjà nìyẹn máa dá sílẹ̀, torí tí ìgbọ̀nwọ́ bá nà ju digiri 15 lọ nígbà téèyàn ń sọ ọ́, no-ball ni, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí kò bófin mu. Pápá gidi wà ní TBS ní Lagos Island, àmọ́ láti Ìkòròdú débẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, ta ló rán mi? Bí mo ṣe wọn yáàdì 22 sẹ́yìn ilé wa nìyẹn, mítà 20 ó lé díẹ̀, mo ra àwọ̀n apẹja, mo ṣẹ́ ẹ po ní méjì, mo ta á sẹ́yìn kí bọ́ọ̀lù má bàa wọ inú ilé onílé.

Ìgbà tí stumps ti fọ́ ni mo gba ọ̀dọ̀ wẹ́dà tó wà ní ìkòríta wa lọ. Mo ṣàlàyé títí, ó ní ṣé ẹsẹ̀ antenna ni. Mo ní kó ṣáà jó spring mẹ́ta mọ́ irin pẹlẹbẹ kan, kí fífẹ̀ gbogbo ẹ̀ jẹ́ íńṣì 9, èmi á ki páìpù omi bọ̀ ọ́ lórí, kó ga tó íńṣì 28. Spring ọ̀kadà ló kọ́kọ́ lò. Háà! Bọ́ọ̀lù gbá páìpù, páìpù ò mì, bọ́ọ̀lù ló ta padà lọ lu dúrọ́ọ̀mù omi Ìyá onílé, ó lu. A wá tú spring inú àga kúṣìn kan tó ti gbó, ìyẹn ló ṣiṣẹ́. ₦11,500 ni gbogbo ẹ̀ gbà mí. Páìpù máa ń là bíi lẹ́ẹ̀kan lóṣù, màá gé òmíì, ó tán.

Ìlà tí ẹsẹ̀ ìwájú bowler ò gbọ́dọ̀ kọjá tán níbi tó ti ń sọ bọ́ọ̀lù, fúùtù mẹ́rin síwájú igi ìhà ọ̀dọ̀ ẹ̀, ìyẹn ò gba owó rárá. Eérú ni mo ń wọ́n síbẹ̀, tí mo bá ti sọ tán màá lọ wo ojú ẹsẹ̀ mi. Ọjọ́ àkọ́kọ́, nínú bọ́ọ̀lù 36, mọ́kànlá ni gìgísẹ̀ mi ti kọjá pátápátá. Ojú tì mí, torí ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bá umpire, àwọn rẹfirí kíríkẹ́ẹ̀tì, jà pé ojú wọn ò ríran dáadáa.

Àmọ́ tí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan nínú gbogbo ẹ̀, mi ò ní mú igi, àpò ìrẹsì ni màá mú. Àpò òfìfo ni o. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ bíi mítà mẹ́fà sí méje síwájú stumps, mo fi ìṣó kan àwọn etí ẹ̀ mọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí bọ́ọ̀lù máa balẹ̀. Tó bá bọ́ sórí ilẹ̀ lásán, "gbì", tó bá bọ́ sórí àpò, "pàù", mi ò tiẹ̀ ní láti wò ó. Ṣé ẹ rí i, igi yẹn ló ń tàn mí jẹ tẹ́lẹ̀, full toss tí ò balẹ̀ rárá á gbá igi, inú mi á máa dùn, tó bá wá di Sátidé, wọ́n á gbá irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ sọdá fẹ́ǹsì. Nínú 24, mẹ́rin ló ń bọ́ sórí àpò níbẹ̀rẹ̀, ní báyìí ó ti ń tó mẹ́wàá. Àbùkù ẹ̀ ni pé bọ́ọ̀lù máa ń yọ̀ lórí ẹ̀, kì í ta sókè bó ṣe yẹ, tí òjò bá sì ti rọ̀ kẹ́ ẹ ká a kúrò níbẹ̀ ni.

Bọ́ọ̀lù tẹníìsì tí wọ́n fi téèpù ẹlẹ́tíríìkì wé, bíi tàwọn ará Pakistan, mo ṣe ìyẹn náà. Ẹ wé apá kan, ẹ fi apá kejì sílẹ̀ pẹ̀lú irun ẹ̀, á máa ya lójú afẹ́fẹ́, ó dùn-ún wò. Àwọn ọmọ àdúgbò fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, pàápàá látìgbà táwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà wa tí ò tíì pé ọdún 19 ti fi run méjì, ìyẹn àmì ayò méjì, na New Zealand ní Malaysia, January 2025. Àmọ́ kò wúwo, tẹníìsì lásán ò tó gíráàmù 60, mo fi sọ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ọjọ́ tí mo padà sí oníawọ, èjìká mi sọ fún mi. Ẹ máa pa méjèèjì pọ̀.

Wẹ́dà ti ní kí n mú ìkejì wá, ₦9,000 ló máa gbà, ó ní òun ti mọ nǹkan tí òun ń ṣe báyìí. Màá ṣe é, tí mo bá ti ra dúrọ́ọ̀mù Ìyá onílé tán.