Ìjókòó kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan tó ń mì: kí ló yẹ kí ẹ rà, kí lẹ máa fi sílẹ̀ fún ọlọ́jà?

Kí ẹ tó fa owó yọ, ẹ wá ọ̀dà èékánná tàbí ọ̀dà funfun díẹ̀. Ẹ nu abẹ́ ìjókòó mọ́, ẹ fún nọ́ọ̀tù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó so ó mọ́ òpó le, kí ẹ wá fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti orí bóòtù, kó gba ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tù, kó parí sórí irin tí nọ́ọ̀tù jókòó lé. Ẹ gun kẹ̀kẹ́ náà fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, lẹ́yìn náà ẹ tún bẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìlà náà bá ti já, nọ́ọ̀tù ló ń yí padà. Bí ìlà bá ṣì tọ́ gbọnrangandan síbẹ̀, tí ìjókòó sì ń mì, nọ́ọ̀tù ò jẹ̀bi: ike abẹ́ ìjókòó ló ti rì lábẹ́ ìfúnmọ́ bóòtù, àyè sì ti ṣí sílẹ̀ láàrin wọn. Àrùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyí. Ẹni tó bá ra góòmù bóòtù (góòmù tí à ń kán sí eyín kí nọ́ọ̀tù má baà tú) nígbà tí ike rẹ̀ ti rì, ńṣe ló kàn fi góòmù de nọ́ọ̀tù tí kò fẹ́ rìn tẹ́lẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìjókòó kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan ni fóòmù àti awọ rẹ̀ wà lókè, tí ike líle sì wà nísàlẹ̀. Àwọn kan ní irin pẹlẹbẹ kan sí i tó ń gbé ike ró. Bóòtù mẹ́rin ń yọ ẹnu jáde lábẹ́, wọ́n á gba ihò irin tó wà lórí òpó, nọ́ọ̀tù á sì dè wọ́n. M6, ìyẹn bóòtù tó nípọn tó mm 6, ló wọ́pọ̀, sípánà 10 sì ni ti nọ́ọ̀tù rẹ̀. Ìdìmú iwájú àti bọ́ńpà ẹ̀yìn ní bóòtù tiwọn, tó sábà máa ń jẹ́ M5 tàbí M6. Òpó fúnra rẹ̀ wọ inú férémù, kílámpù sì dì í mú. Ẹ di ìjókòó mú, ẹ mì í, kí ẹ fi ìka kan ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn oríkèé yìí nígbà tí ẹ bá ń mì ín. Èyí tó bá ń mì lábẹ́ ìka yín lẹ ń náwó lé.

Nọ́ọ̀tù onínáílọ́nù tàbí góòmù bóòtù?

Fún ìlà tó já, àwọn méjì yìí ló ń bá ara wọn du ọjà. Nọ́ọ̀tù onínáílọ́nù ní òrùka ike kan lórí tó ń di eyín bóòtù mú, kò sì nílò gbígbẹ tàbí ìdúró. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ga. Nọ́ọ̀tù M6 lásán ga tó mm 5, ti onínáílọ́nù tó mm 6, eyín bóòtù sì gbọ́dọ̀ yọ lókè òrùka náà, ó kéré tán eyín méjì, ìyẹn mm 2 lórí M6. Bí bóòtù kò bá yọ dé orí òrùka, òrùka náà kò dì í mú rárá, asán sì ni owó yín. Nítorí náà, ẹ wọn gígùn bóòtù tó yọ kúrò lára irin òpó kí ẹ tó rà á. Kó tó mm 8 láìka wáṣà. Bí wáṣà mm 1.6 bá máa wà níbẹ̀, ẹ fi kún un.

Nọ́ọ̀tù yìí kì í ṣe ohun tí à ń lò títí ayé. Ọjọ́ tó bá ti ṣeé fi ìka yí wọlé dé òpin, ẹ sọ ọ́ nù. Bí bóòtù àti nọ́ọ̀tù bá jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, ẹ kán ọ́ìlì ẹyọ kan sí eyín, nítorí irú irin bẹ́ẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ara wọn, tí wọn ò sì ní lọ síwájú tàbí sẹ́yìn mọ́. Àti pé nọ́ọ̀tù yìí le láti yí: bí bóòtù bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a yí nínú ike, ẹ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá tẹ̀ síwájú, ẹ ó sọ ihò tó bá bóòtù mu di èyí tí bóòtù á máa yí nínú rẹ̀.

Góòmù bóòtù wá ń kọ́? Àwọ̀ rẹ̀ lẹ kọ́kọ́ máa wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń tẹ̀ lé àwọ̀ kan náà. Loctite 243, aláwọ̀ búlúù, ṣeé fi sípánà lásán tú. Loctite 271, aláwọ̀ pupa, máa ń fẹ́ iná tó tó 250°C kó tó jọ̀wọ́ bóòtù, ìyẹn ìgbóná tí ike àti fóòmù ìjókòó kò lè yè. A ò rí ìdí kan tó fi yẹ kí pupa sún mọ́ ìjókòó rárá. Àti búlúù àti pupa, ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé, láàrin irin àti irin, ni wọ́n ti ń le. Lórí ike wọn kì í le dáadáa. Èyí tó tún burú ni pé wọ́n lè mú kí àwọn ike kan bíi ABS àti polycarbonate sán wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ yí ihò bóòtù ká, pàápàá níbi tí bóòtù ti ń fún ike mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a kò fi ní kán an sí bóòtù ìdìmú iwájú tó ń wọ inú ike tààrà.

Lórí bóòtù mẹ́rin tó lọ sí òpó, ó ṣiṣẹ́, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n kán. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé a ó dojú kẹ̀kẹ́ dé, bóòtù á kọjú sókè, a ó wá kán góòmù sórí rẹ̀. Ńṣe ni yóò ṣàn lọ sínú ike. Inú nọ́ọ̀tù ni kí ẹ kán an sí, ẹyọ kan péré, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi sípíríìtì nu eyín méjèèjì. Ẹ nu èyí tó bá yọ síta, kí ẹ sì fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún wákàtí 24. Ẹ̀yà kan wà tí kì í ṣàn, tó rí bí ìpara ètè. Bí ẹ bá rí i, òun ló dára jù fún iṣẹ́ orí ìjókòó.

Nínú méjèèjì, nọ́ọ̀tù onínáílọ́nù la máa kọ́kọ́ rà. Ibi tí bóòtù ti kúrú nìkan ni góòmù búlúù ti gba ipò rẹ̀.

Wáṣà gbígbòòrò tàbí wáṣà onísípíríǹgì?

Bí ìlà kò bá já, wáṣà gbígbòòrò ni ìdáhùn, kò sì sí nǹkan tó tún wúlò tó o nínú gbogbo ohun tí a kọ síbí. Wáṣà M6 lásán fẹ̀ tó mm 12. Ti gbígbòòrò fẹ̀ tó mm 18. Ẹ lè rò pé ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ojú tí èkejì fi ń tẹ ike ju ìlọ́po méjì ààbọ̀ ti àkọ́kọ́ lọ. Ike tí ẹrù wà lórí rẹ̀ máa ń sún díẹ̀díẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Bí ẹrù náà bá ṣe tàn ká tó ni sísún rẹ̀ ṣe máa ń dínkù tó.

Ibi tí ẹ fi sí ló ṣe pàtàkì. Abẹ́ orí bóòtù tàbí abẹ́ nọ́ọ̀tù tó ń tẹ ike tààrà ni ipò rẹ̀, bíi ti ìdìmú àti bọ́ńpà. Bí ẹ bá fi í sábẹ́ nọ́ọ̀tù tó jókòó lórí irin òpó, kò ní wúlò, nítorí irin kì í rì. Fún ìdìmú iwájú, tí ọwọ́ ẹlẹ́ṣin ń fà sókè ní gbogbo ìgbà tó bá fò, wáṣà M5 tó fẹ̀ tó mm 15 ni ẹ wá, tí bóòtù rẹ̀ bá jẹ́ M5.

Wáṣà onísípíríǹgì rọrùn láti rí, ó sì sábà máa ń bá bóòtù wá nínú àpò kan náà. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Láti ọdún 1969 tí Gerhard Junker, onímọ̀ ẹ̀rọ, ti tẹ àbájáde ìdánwò rẹ̀ jáde ni a ti mọ̀ pé yíyọ̀ sọ́tùn-ún sósì láàrin ohun tí a so pọ̀ ló ń tú nọ́ọ̀tù, wáṣà yìí kò sì dá a dúró. Tí a bá ti fún un le tán, ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ bíi wáṣà lásán. Lórí ike, ẹnu rẹ̀ mímú á tún máa wa ihò. Wáṣà oníméjì tó ní eyín tó ń gun ara wọn lágbára gan-an, àmọ́ irin líle ló fẹ́ lókè àti nísàlẹ̀, owó rẹ̀ sì ga fún iṣẹ́ kékeré yìí.

Bóòtù tó ń yí nínú ike

Epoxy, góòmù oníméjì tí à ń pò pọ̀, ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré rà. Bí ike náà bá jẹ́ polypropylene (ẹ wá àmì PP tàbí nọ́ńbà 5 lára rẹ̀), epoxy kì í lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, yóò sì ṣí ní ọjọ́ díẹ̀. Ohun tó dúró pẹ́ ni kí ẹ ṣí awọ ìjókòó, kí ẹ ká fóòmù sókè, kí ẹ fi bóòtù tuntun wọlé láti òkè pẹ̀lú wáṣà gbígbòòrò lábẹ́ orí rẹ̀. Ẹ yan bóòtù tí orí rẹ̀ pẹlẹbẹ kó má baà gún yín láti inú fóòmù.

Ẹ ṣírò gígùn rẹ̀ kí ẹ tó jáde. Bí ike bá nípọn tó mm 6, tí irin òpó tó mm 4, ẹ fi wáṣà méjì kún un (mm 3.2), nọ́ọ̀tù onínáílọ́nù (mm 6) àti eyín tó yọ (mm 2). Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mm 21.2. M6 ti mm 20 kò ní tó, ti mm 25 lẹ máa rà. Ẹ má ṣe gba bóòtù ìdá mẹ́rin íǹṣì dípò M6: ó nípọn tó mm 6.35, kò bá nọ́ọ̀tù M6 mu, ó sì lè ba eyín jẹ́.

Òpó tó ń yí tàbí tó ń rì

Kílámpù onílífà yá láti ṣí, ṣùgbọ́n lórí kẹ̀kẹ́ yìí, ẹsẹ̀ àti itan ẹlẹ́ṣin ń yí ìjókòó sọ́tùn-ún sósì láìsinmi. Kílámpù oníbóòtù méjì ló ń dì í mú gbọingbọin. Oníbóòtù kan tó fún ẹni tí kì í fò. Ìwọ̀n férémù láti ìta lẹ máa fi rà á, kì í ṣe ìwọ̀n òpó. Nọ́ńbà Nm (ìwọ̀n agbára tí à ń fi yí bóòtù) tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. M5 sábà máa ń dúró ní ìwọ̀n Nm 5 sí 6. Kí ẹ tó ra kílámpù mìíràn, ẹ wò bóyá gírísì ló pọ̀ jù lára òpó: ẹ nù ún, kí ẹ fi ìpara oníyanrìn tí wọ́n ń lò fún òpó kábọ́nù pa á. Ó máa ń dí yíyọ̀ lọ́wọ́ lórí irin náà.

Òpó mm 22.2 nínú férémù tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó mm 25.4 nílò ọ̀já irin tó nípọn tó mm 1.6 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún un. Agolo ohun mímu tí a gé kò ju nǹkan bíi mm 0.1 lọ, férémù tó ti jẹ díẹ̀ nìkan ló lè ràn lọ́wọ́.

Súpà gúlù le gan-gan ṣùgbọ́n kò lè farada ìjálulẹ̀, ó máa ń kán. Okùn ike onídè dára fún bọ́ńpà tó já lójú ọ̀nà, kí ẹ ṣáà fi dé ilé.

Bí ẹ bá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń sán láti ihò bóòtù lọ sí etí ike, ẹ gbàgbé gbogbo ohun tó wà lókè yìí, ẹ ra ike abẹ́ ìjókòó tuntun. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wọn àárín ihò sí àárín ihò lórí irin òpó yín, ní òró àti ní ìbú. Ìwọ̀n yìí kò dọ́gba láàrin àwọn tó ń ṣe ìjókòó, ihò mẹ́rin tí kò ṣe déédéé pẹ̀lú òpó kì í sì ṣeé fi fáìlì gbẹ́ bára mu láìsọ ìjókòó tuntun náà di èyí tó ń mì.