Berlin Alexanderplatz: ìwé tí ìlú gan-an jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn-àròsọ ló ń fi ìlú ṣe ibùdó ìtàn lásán, ṣùgbọ́n nínú ìwé yìí, tí Alfred Döblin, dókítà ará Jámánì, gbé jáde ní ọdún 1929, ìlú Berlin fúnra rẹ̀ ni olú ẹ̀dá ìtàn. Lóòótọ́, Franz Biberkopf, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ẹ̀wọ̀n Tegel tí ó sì búra láti máa hùwà ọmọlúàbí, ni à ń tẹ̀ lé. Síbẹ̀, ìpolówó ọjà, ìròyìn ojú ọjọ́, orin àti ariwo ọkọ̀ máa ń já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, títí a kò fi ní mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ mọ́. Apá tí ó wọ̀ mí lára jù ni ti ilé ìpẹran, níbi tí òǹkọ̀wé ti ń ka iye ẹran tí wọ́n kó wọlé bí ẹni ń ka owó, kí ó tó wá fi ikú akọ màlúù kan hàn wá pẹ́lú sùúrù tí ó bani lẹ́rù. Ìwà ipá sí àwọn obìnrin inú rẹ̀ nira púpọ̀ láti kà. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Michael Hofmann ṣe, tí ó jáde ní 2018, ni mo dábàá, nítorí pé ohùn ìgboro ṣì wà láàyè nínú rẹ̀. Ẹni tí ojú ewé àkọ́kọ́ bá sì dàrú mọ́ lójú, kí ó kà á sókè.